Èéyi Tí Mo Pè Ní Àpólò

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, ọjọ́ tí èmi àti ọmọ mi wọ awò dúdú, tá a jókòó sínú yàrá wa ní Òkòtà bíi pé oòrùn ń ràn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìyàwó mi ti lọ sí Ìkirè, ó lọ tọ́jú ìyá ẹ̀ tó ṣubú. Kó tó lọ, ó bi mí pé, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ṣé ẹ máa lè mójú tó ọmọ yìí?" Mo ní kí ló wà ńbẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Kò pẹ́ rárá tí ìró sílípáàsì ẹ̀ lásán fi ń wù mí gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ara Àbẹ̀kẹ́ gbóná. Ojú ẹ̀ pọ́n, imú ń dà, ó ń wúkọ́. Ojú nìkan lèmi rí. Mo ní Àpólò ni. Mo ra awò dúdú méjì, torí wọ́n ní ẹni tó bá wo ojú Àpólò ti kó o nìyẹn. Èmi tí mo sá kúrò níléèwé lọ kọ́ṣẹ́ fáànù títúnṣe, mo ti di dókítà ojú.

Ọmọ náà ní, "Dádì, mi ò rí yín."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Mọ́mì ńkọ́?"

Ìbéèrè tèmi náà nìyẹn.

Nígbà tó yá, nǹkan wẹ́wẹ́ sú sí i lẹ́yìn etí, ó dé ojú, ó dé àyà. Mo ní ooru ni. Mo da páúdà lé e títí ó fi dà bí ọmọ tó sùn sílé búrẹ́dì. Kò jẹun mọ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé fóònù láti pe ìyá ẹ̀, mo tún gbé e sílẹ̀. Èmi tí mo ní kí ló wà ńbẹ̀.

Màmá Sùkúrá tó ń gbé yàrá kejì ló wọlé bá wa.

"Ta ló ṣe ọmọ yìí báyìí?"

"Àpólò ni, mà. Pẹ̀lú ooru."

"Ooru ló ń wúkọ́? Èéyi nìyí, ìwọ ọkùnrin yìí. Gbé e ká lọ."

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní kí n kọ́kọ́ bọ́ awò ojú mi ká tó sọ̀rọ̀. Àṣé mo wọ̀ ọ́ gun kẹ̀kẹ́ márúwá dé Ìsọlọ̀. Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ pé a dé, èéyi náà ti ń wọ ọmọ láyà. Ibẹ̀ ni mo ti pe ìyàwó mi. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Mò ń bọ̀." Omi bọ́ lójú mi.

Ó dé, ara Àbẹ̀kẹ́ yá, ìyàwó mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í di báàgì pé òun ń padà lọ sí Ìkirè. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an lojú tèmi pọ́n. Mi ò ṣe èéyi rí lọ́mọdé; kò pẹ́ tó fi sú sí èmi náà lára.

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ ò tiẹ̀ tijú," ló ń wí, ó ń fi ìpara kalamáìnì pa mí lẹ́yìn. Ara ń yún mi, ọwọ́ ẹ̀ tutù. Ẹ má sọ fún un o, kò sí ohun tí mo gbádùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ojú pípọ́n tó bá mú ibà, ikọ́ àti imú dídà dání, ẹ má wá awò kiri. Ọ̀nà ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà, kí nǹkan tó sú lẹ́yìn etí. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ pé.

Nígbà tí ara mi yá, ìyàwó mi padà sí Ìkirè. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo mú dígí, mo wo ojú mi dáadáa, bóyá ó tún fẹ́ pọ́n, kí n lè tún rí ìdí pe ìyàwó mi. Ó funfun báláú. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú.