Ebè Iṣu Lẹ́nu Ilé Gòólù Koko

Ẹjọ́ kan wọ ààfin baálẹ̀ Koko lánàá, tí obì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há ìjòyè kan lọ́fun.

Moudachirou ni ó pe ẹjọ́. Òun ni alága pápá bọ́ọ̀lù. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n hú kùkùté ibẹ̀ ní ọdún 1974. Ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ ni pápá náà yóò pé ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì ti pe àwọn ará Djaloukou wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ọdún.

"Baba, Ògúndèjì kọ ebè síwájú ilé gòólù wa! Iṣu ti gun ọ̀pó méjèèjì dé òkè. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àlejò?"

Baálẹ̀ yíjú sí Ògúndèjì, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá pápá pààlà.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, Baba. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá lò, ẹni tó bá ní ọkọ́ a máa ro ó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níhìn-ín. Bọ́ọ̀lù tiwọn kò wọ ilé yẹn rí."

"Irọ́ ni!" Moudachirou fò dìde.

"Jókòó. Àlejò ńkọ́, Ògúndèjì? Ṣebí wọ́n máa ń pààrọ̀ ilé?"

"Apá kìíní ni àlejò máa ń gbá tiwọn tán, Baba. Nígbà tí wọ́n bá fi máa pààrọ̀ ilé, ẹ̀rín kì í jẹ́ kí wọ́n lè sáré mọ́."

"Ọ̀pó tí o jẹ́ kí iṣu gùn ńkọ́?"

"Igi tó dúró ṣánṣán bẹ́ẹ̀, tí bọ́ọ̀lù kò bà rí! Ṣé kí n jẹ́ kó ṣòfò ni?"

Moudachirou pe ẹlẹ́rìí rẹ̀, Boukari, tí ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú.

"Mo gbá a wọ ilé yẹn, Baba, lọ́dún tí a bá Bobè gbá."

"Ta ló ń ṣọ́ ilé yẹn lọ́jọ́ náà?"

Boukari wolẹ̀. "Àwa ni, Baba."

"Ti Bobè nìyẹn!" ni Ògúndèjì fi ẹnu gbà á. "Ó bá wọn gbá a ni!"

Ó ku Saratou, tí ń din àkàrà lẹ́bàá pápá.

"Mo fojú mi rí i, Baba. Moucharafou, agbábọ́ọ̀lù wọn, ta á, ó sì wọlé gbọ̀ọ̀rọ̀."

Moudachirou mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́ o!"

"Bọ́ọ̀lù náà wọlé?" ni baálẹ̀ bi í.

"Rárá, Baba, bàtà rẹ̀ ni. Inú epo àkàrà mi ni bọ́ọ̀lù bọ́ sí."

Moudachirou dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Baba, ẹ ṣáà jẹ́ ká hú u kí àlejò tó dé. Ọdún mẹ́wàá ni!"

Baálẹ̀ dájọ́: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú iṣu kan. Moudachirou, ìwọ àti àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ, ẹ lọ ro ìdí rẹ̀ kó mọ́ tónítóní, kí Djaloukou lè rí nǹkan kan tó ń dàgbà ní pápá yín. Ilé yẹn ni ẹ ó máa gbá sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí bọ́ọ̀lù yín kò bá wọ̀ ọ́, kí Ògúndèjì kọ ebè dé àárín pápá."

"Bí ó bá wọlé ńkọ́, Baba?" ni Moudachirou bi í.

Baálẹ̀ ti ń wá bàtà rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tó lè ṣẹlẹ̀ nìkan ni à ń dá lẹ́jọ́ níhìn-ín."