Òfin Baálẹ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Tí Kò Wúwo Tó Àkùkọ

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Ìdí-Òṣùwọ̀n, tọmọdé tàgbà! Ẹni tó ń lọ ata, kó dáwọ́ dúró! Ẹni tó ń sá kòkó, kó tẹ́tí! Èmi Oyèníran akéde ni. Ẹnu tèmi ni, ọ̀rọ̀ Baálẹ̀ ni. Bó bá dùn mọ́ yín nínú, ẹ lọ kí Baálẹ̀. Bí kò bá dùn mọ́ yín nínú, ẹ má wo ojú mi o!

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ni! Ìyá Morẹ́nikẹ́ agbẹ̀bí, ìyàwó èmi akéde yìí kan náà, fẹ́ ra kékeré kan, olówó pọ́ọ́kú. Àwọn tó ń fún agbẹ̀bí níwèé àṣẹ ní kó wá kẹ́kọ̀ọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà, kò sí ìwé àṣẹ. Bí kò bá sí ìwé àṣẹ, kò sí agbẹ̀bí. Ẹ̀yin aboyún, ṣé ẹ ń gbọ́?

Ẹ sì mọ àṣà wa. Ohun tí a kò bá tíì gbé ka òṣùwọ̀n kòkó, a kì í sanwó rẹ̀. Ìyàwó mi gba kọ̀ǹpútà náà wá lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ó gbé e síwájú Baálẹ̀. Wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n. Ọwọ́ òṣùwọ̀n kò fẹ́ẹ̀ mira! Wọ́n gbé àkùkọ Olóyè Ọ̀tún lé e, kí wọ́n fi wé e. Àkùkọ wúwo jù ú lọ! Mo ní àkùkọ wúwo ju kọ̀ǹpútà lọ! Ni Baálẹ̀ bá ní gbájú-ẹ̀ ni, kí wọ́n dá a padà.

Nítorí náà, Baálẹ̀ pàṣẹ!

Òfin kìíní: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra kọ̀ǹpútà tí kò wúwo tó àkùkọ. Àkùkọ tó ti jẹun yó ni o!

Òfin kejì: Ìgbìmọ̀ yóò fi oṣù mẹ́ta yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà lò kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, kó má baà ṣojúsàájú.

Òfin kẹta: Ẹni tó ní àbúrò ní Èkó kò gbọdọ̀ sọ mọ́ pé àbúrò òun ní ká ra èyí tó tóbi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ ti ń sọ ọ́. Ó tó gẹ́ẹ́! Òfin yìí nìkan ló dùn mọ́ èmi nínú.

Òfin kẹrin: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki òkúta bọ àpò kọ̀ǹpútà kó lè tẹ̀wọ̀n. A mọ ọgbọ́n yẹn. Òun la fi ń ta kòkó.

Ìyà ńkọ́? Ìyà ńlá! Akéde yóò ké orúkọ arúfin ní oríta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀ẹ̀mẹta ní oríta kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹ̀bẹ̀!

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n ó sì sọ ọ́. Àbíkẹ́yìn Baálẹ̀, ọwọ́ ta ló bọ́ sí? Ọwọ́ Ìyá Morẹ́nikẹ́ ni! Oṣù rẹ̀ kò pé, bíńtín báyìí ló rí. Kò wúwo tó àkùkọ! Ṣé Baálẹ̀ ní kí wọ́n dá a padà? Ọmọ náà ló wá ń gun ọ̀kadà kiri ìlú yìí lónìí, tó ń da eruku sí wa lójú.

Ẹ tún gbọ́ o! Arúfin kan ti yọjú! Àná ló lọ sanwó, ó fi agbádá bo kọ̀ǹpútà wálé. Iṣẹ́ mi niṣẹ́ mi, n kì í ṣojúsàájú.

Oyèníran o! Oyèníran akéde! Oyèníran ọkọ agbẹ̀bí!

Oríta kan nìyẹn, ó ku méjì. Bí wọ́n ṣe rán mi ni mo ṣe jẹ́ ẹ, n kò bù kún un, n kò yọ níbẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ẹ má pariwo lẹ́bàá ilé mi o. Ìyàwó mi ń kẹ́kọ̀ọ́.