Alága Lórí Àtẹ̀gùn Kẹta

Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni Bàbá Èṣùbíyì ti jókòó sórí àtẹ̀gùn kẹta gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́ Ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire, ní etí Ekenwan Road ní ìlú Benin. Òun ni alága. Òun náà ló sì pàṣẹ, nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbọ̀ngàn gbọ́dọ̀ wà, nítorí ọmọ Yorùbá kì í gbé ìsàlẹ̀ nílùú onílùú. Àtẹ̀gùn mẹ́tàlélógún! Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni orúnkún rẹ̀ ti kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Ó ti pa ìpàdé mẹ́ta jẹ, ó ní òun wà nírìn àjò ní Ìkàrẹ́. Òfin ẹgbẹ́, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, sọ pé alága tó bá pa mẹ́rin jẹ ti kúrò lóyè, ọ̀la sì ni ìkẹrin. Ìdí nìyí tó fi yọ́ wá dán ẹsẹ̀ wò. Ó gun mẹ́ta, orúnkún ní ó tó, kò lè gòkè, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ ló wà tí Gbéminíyì Akínfẹ́mi fi yí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ wọnú ọgbà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó ń du ipò kánsẹ́lọ̀, gbogbo rédíò ìlú ló sì mọ ohùn rẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn akanda ẹ̀dá.

"Ẹ káàsán o, Bàbá Alága!"

"Ta ló ń kí mi níjòókòó?"

"Gbéminíyì ni, sà."

"Ọmọ Yorùbá ń kí àgbà níjòókòó! Ìdọ̀bálẹ̀ dà?"

"Ó wà nínú ọkàn, Bàbá. Tí mo bá dọ̀bálẹ̀ látorí kẹ̀kẹ́ yìí, ẹ̀yin lẹ máa gbé mi dìde. Ṣé ẹ ti múra?"

Bàbá wo orúnkún ara rẹ̀. "Jẹ́ kó wà nínú ọkàn."

"Kí lẹ wá ń ṣe lórí àtẹ̀gùn, Bàbá?"

"Mò ń yẹ sìmẹ́ǹtì wò. Ayédèrú ti pọ̀ jù nígboro."

"Mo kọjá láago mọ́kànlá, ibẹ̀ lẹ wà."

"Sìmẹ́ǹtì kì í ṣe ohun tí à ń kánjú wò."

Gbéminíyì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. "Bàbá, ọ̀rọ̀ ọ̀la ló gbé mi wá. Ọ̀la lẹgbẹ́ máa yan ẹni tí ẹ máa tì lẹ́yìn, èmi tàbí Adébáyọ̀. Adébáyọ̀ a máa fo àtẹ̀gùn yìí ní méjì-méjì. Èmi ò lè dé òkè. Òfin yín sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ bá ilé sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó sì dìde dúró."

"Òfin tó dára ni. Èmi ni mo kọ ọ́."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ gbé ìpàdé wá sísàlẹ̀, sí yàrá tí ẹ kó kánópì àti ìkòkò àsè sí."

"Yàrá kánópì!" Bàbá fẹ́ fò dìde, orúnkún rán an létí, ó tún fìdí jókòó. "Ká kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tán ká wá máa jókòó láàárín ìkòkò? Lókè là ń ti rí iwájú!"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ ilé Adékọ́lá pé ohun tí àgbà rí níjòókòó, ọmọdé ò lè rí i bó gun orí igi? Kí wá ni àgbà fẹ́ fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣe?"

"Mi ò sọ ọ́ nítorí àtijókòó sínú ìkòkò! Wàá dé òkè. Géńdé mẹ́rin á gbé ọ."

"Wọ́n gbé mi lọ́dún tó kọjá níbi ìgbéyàwó kan. A dé àárín àtẹ̀gùn, foonù ọ̀kan nínú wọn dún."

"Ó wá ṣe báwo?"

"Ó gbé e."

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́. "Ọlọ́run á wò ọ́ sàn."

"Àmín, sà. Tó bá ti wò mí tán, màá wá gun àtẹ̀gùn yín. Ṣùgbọ́n ọ̀la láago méjì ni ìpàdé."

"Ọmọ yìí, o gbójú! Ṣebí ìwọ lo dí ẹnu ọ̀nà báńkì kan ní GRA fún ọjọ́ mẹ́ta?"

"Daddy, no vex. Mi ò dí i. Mo fẹ́ wọlé ni, àtẹ̀gùn wọn dá mi dúró, èmi náà bá dúró. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lónìí, aboyún ń gbabẹ̀, ẹni tó ń ti ọmọ ń gbabẹ̀. Mánéjà wọn gan-an ń gbabẹ̀ lẹ́yìn tó jẹun ọ̀sán."

"Ṣé o fẹ́ wá dí tiwa náà ni?"

Gbéminíyì wo Bàbá láti òkè délẹ̀. "Rárá, sà. Ó dà bíi pé ẹnìkan ti dí i kí n tó dé."

Bàbá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó dáa, Bàbá. Ẹ bá mi gun òkè lọ mú ìwé òfin wá, kí n fojú ara mi kà á."

"Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi."

"Ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín."

"Ti ibòmíràn nìyẹn."

"Wọ́n kọ GBỌ̀NGÀN sí i lára."

Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ sápò. "Ògbójú!"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ká jọ sọ ọ́ níbí."

"Ìsàlẹ̀ gbóná."

Ewúrẹ́ kan yọ láti ẹ̀yìn ilé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ Bàbá kọjá, ó gun àtẹ̀gùn mẹ́tàlélógún pátá láìmí gúlegúle, ó dé òkè, ó yíjú padà wo àwọn méjèèjì.

"Bàbá," Gbéminíyì ní, "bí a bá tẹ̀ lé òfin yín, ewúrẹ́ yẹn lè di kánsẹ́lọ̀."

Bàbá pòṣé sí ewúrẹ́ náà.

"Ó lè di alága pàápàá. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní tó máa fi dúró."

Ohùn Bàbá wálẹ̀. "Orúnkún ni, ọmọ mi. Mi ò rí Ìkàrẹ́ sójú láti Kérésìmesì. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á ní kí n lọ sinmi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe alága. Látìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti kú, kí ni kí n lọ máa bá ṣe nílé?"

Ojú tì í bó ti ń sọ ọ́. Gbéminíyì ò rẹ́rìn-ín.

"Ohun tí mo ti fọdún méje pariwo nìyí, Bàbá. Ẹsẹ̀ wa kọ́ ló jẹ̀bi. Àtẹ̀gùn ni."

"Wọ́n á gba àga lọ́wọ́ mi."

"Èmi náà ní àga." Ó gbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lápá. "Tèmi ò ṣeé dìbò gbà ni. Ẹ jẹ́ ká jọ gba tiyín sílẹ̀. Ẹ sọ pé nítorí mi lẹ ṣe gbé ìpàdé wálẹ̀. Màá ru ẹ̀bi."

Bàbá kò jẹ́ kó tún un sọ. Gbéminíyì yọ foonù, ó ṣí WhatsApp ẹgbẹ́, ó na foonù sókè sí ẹnu Bàbá. Bàbá tún ohùn ṣe.

"Èmi alága yín ni o. Mo ti ti Ìkàrẹ́ dé. Nítorí àánú ọ̀dọ́mọkùnrin Gbéminíyì..."

"Ẹ yọ àánú, Bàbá."

"Kí n wá fi kí ni síbẹ̀?"

"Ẹ̀tọ́."

"...nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀, ìsàlẹ̀ la ti máa ṣèpàdé lọ́la àti títí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sọ̀rọ̀, kó jókòó. Mo ti pàṣẹ."

Gbéminíyì tẹ̀ ẹ́ lọ. Kò pẹ́ tí foonù bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra.

"Kí ni wọ́n ń wí? Ṣé wọ́n ń bínú?"

"Màmá Títíloyè ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Láti Ọdún Àjíǹde, ìdí lòun fi ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ bá ti lọ tán."

"Màmá Títíloyè tó ń jó lókè yẹn?"

"Bàbá Láolú ní Ìkàrẹ́ tí alága ń lọ, òun náà ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ síbẹ̀ nítorí àtẹ̀gùn yìí."

Bàbá lanu. "Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe!" Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Àga rẹ̀ ti dúró, àṣírí rẹ̀ sì bò.

Foonù tún dún. Gbéminíyì kà á lọ́kàn, ó gbójú sókè, ó wo ṣọ́ọ̀bù gáàsì tó wà lódìkejì ọ̀nà.

"Ìyá Dámilọ́lá onígáàsì ni. Ó ní ẹ kú àbọ̀. Ó ní láti aago mẹ́wàá lòun ti ń wò yín lórí àtẹ̀gùn kẹta, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ìkàrẹ́?"

Bàbá Èṣùbíyì wo òdìkejì ọ̀nà. Ó wo ewúrẹ́ lókè. Ó wo ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Fèsì fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Kó tètè wá dì mí lọ́wọ́ mú, mo fẹ́ padà sí Benin."