Owó Ìwúrí Dókítà Shuaib

Tí ẹ bá dé Dọ̀pẹ̀mú tí ẹ bi èèyàn pé níbo ni ọsibítù Dókítà Shuaib wà, kò ní júwe ọ̀nà kankan fún yín. Yóò ní kí ẹ gbójú sókè ni. Àwòrán Dókítà fúnra rẹ̀ ló wà lórí òrùlé níbẹ̀, nínú kóòtù funfun, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó fi okùn tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà kọ́ ọrùn. Ọsibítù ọ̀hún fi díẹ̀ kéré sí àwòrán náà.

Orúkọ tó wà lábẹ́ àwòrán gba ìlà mẹ́rin: Dókítà Alhaji Shuaib, Olùdásílẹ̀, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Olùgbàlà Agége àti Agbègbè Rẹ̀. Kí wọ́n tó pè é tán, ibà ti lè sàn lára ẹlòmíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ náà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn: A-tẹ-kọ̀ǹpútà-má-tàn-án. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tó máa ń tẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́ níwájú aláìsàn, iná kò sì wọ inú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti rà á. Tó bá tẹ̀ ẹ́ tán, á yọ bírò, á kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sínú káàdì.

Wàyí o, lẹ́tà ìjọba dé. Wọ́n ní ọsibítù aládàáni tó bá kó àkọsílẹ̀ ìlera àwọn aláìsàn rẹ̀ kúrò nínú káàdì bọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tó bá ti pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún, tí wọ́n sì ń fi àkọsílẹ̀ náà tọ́jú èèyàn ní tòótọ́, àwọn máa fún un ní owó ìwúrí, àwọn á sì kọ "Ilé Ìwòsàn Àwòkọ́ṣe" sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Inú Dókítà dùn. Láti ọdún méjì ló ti ń wo ilé kan ní Allen Avenue, níbi tó fẹ́ ṣí ẹ̀ka kejì sí, kí òun náà lè máa tọ́jú àwọn olówó, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí òórùn bisikíìtì àti epo ẹ̀rọ kì í kúrò lára wọn. Owó ìwúrí yìí ni yóò gbé e dé Allen. Kó tó ka lẹ́tà náà dé ìsàlẹ̀, ó ti pe onílé.

Àwọn ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà tún wá wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìjọba ní àwọn fẹ́ rí "ìlò tó nítumọ̀". Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ohun tí Dókítà kò fi ìlò tó nítumọ̀ ṣe mọ́. Ó jẹ ẹ̀bà ní ìlò tó nítumọ̀, ó bú dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ní ìlò tó nítumọ̀. Níbi tí wọ́n gbé kọ ọ́ pé kọ̀ǹpútà ọsibítù kan gbọ́dọ̀ lè bá ti ọsibítù mìíràn sọ̀rọ̀, ó ra kọ̀ǹpútà méjì sí i, ó ní kí wọ́n kọjú wọn síra.

"Ṣé wọ́n ti ń sọ̀rọ̀?" ló bi nọ́ọ̀sì.

"Sà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tan jẹnẹrétọ̀."

Obìnrin tó ń tọ́jú káàdì ní ọsibítù náà ni Ràbíátù, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Ishaq. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti jókòó sídìí fèrèsé yẹn. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti gba atẹ̀wé mẹ́rin síṣẹ́ láti tẹ gbogbo káàdì sínú kọ̀ǹpútà, ó wọlé tọ Dókítà lọ.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ àwọn káàdì ilé iṣẹ́ yẹn báyẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé káàdì kan, èèyàn mẹ́rin-márùn-ún ló wà nínú ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní agbègbè yẹn, òṣìṣẹ́ wọn nìkan ni wọ́n ń sanwó ìtọ́jú fún. Wọn kì í san ti ìyàwó, wọn kì í san ti àbúrò. Torí náà, káàdì òṣìṣẹ́ kan ni gbogbo àgbàlá jọ ń lò, bí wọ́n ṣe jọ ń lo odó kan. Tó bá jẹ́ Ṣàkírù ló ni káàdì, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá lónìí ló ń jẹ́ Ṣàkírù. Tó bá dọ̀la, ẹlòmíràn á jẹ́ Ṣàkírù. Dókítà mọ̀ dáadáa. Òun gan-an ló ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dáhùn. Èrò ń pọ̀, ilé iṣẹ́ ń sanwó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Kí lẹ wá fẹ́ ká ṣe?" ló bi í.

"Ká pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká ya ti oníkálukú sọ́tọ̀, ká tún ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò. Oṣù mẹ́ta ti tó."

"Oṣù mẹ́ta!" Dókítà rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Màmá Ishaq, ìjọba ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin ń sọ oṣù mẹ́ta. Ṣé ẹ mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní data? Data ò níyàwó, data ò lábùúrò. Ẹ ní kí wọ́n tẹ gbogbo ẹ̀!"

"Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, Dókítà? Tí wọ́n bá gbé ẹnìkan dé, tó sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn la kọ—"

"Ẹ jẹ́ kówó wọlé ná."

Màmá Ishaq jáde. Inú bí i débi pé kò lè jẹun ọ̀sán.

Lẹ́tà tún ní kí dókítà jẹ́rìí sí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí kò le rárá. Dókítà ní kí àwọn atẹ̀wé fi gbólóhùn kan náà sí ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀: "Èmi, Dókítà Shuaib, ni mo fi ọwọ́ ara mi yẹ aláìsàn yìí wò, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa." Ó ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń mi orí. Ó dùn mọ́ ọn bí ẹni gbọ́ oríkì ara rẹ̀.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Ẹlòmíràn ì bá kàn gba àlejò ìjọba sínú ọ́fíìsì kékeré, kó fún wọn ní mínírà. Dókítà Shuaib pe oníròyìn tẹlifíṣọ̀n. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ láti ilé iṣẹ́ gbogbo, kí wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ wọn wá. Ó yá ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán kọ̀ǹpútà sára ògiri, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè rí i, ó sì gbé ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde sí ìta, kí àwọn tó ń kọjá lójú títì náà má baà pàdánù. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́. Ọlọ́run sì gbọ́ àdúrà rẹ̀.

Ẹni tí ìjọba rán wá ni Màdáàmù Catherine, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mú ìwé àti bírò lọ́wọ́. Dókítà wo bírò náà, ó yínmú.

"Màdáàmù, níbí o, a ti gbàgbé bírò. Paperless ni wá!"

"Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ṣé gbogbo aláìsàn tó wà nínú ẹ̀ lẹ ti fojú rí?"

"Fojú rí kẹ̀? Mo fọwọ́ kàn wọ́n! Kọ̀ǹpútà mi ò parọ́ rí. Ẹ mú ẹnikẹ́ni tó bá wù yín níbí, ẹ máa wò ó."

Nídìí fèrèsé rẹ̀, Màmá Ishaq di orí mú.

Màdáàmù Catherine wo èrò yíká, ó nawọ́ sí ọkùnrin kan ní ìlà iwájú. Ọkùnrin náà sígbọnlẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà.

"Kí lorúkọ yín, sà?"

"Ṣàkírù ni, mà. Èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun nílé iṣẹ́ bisikíìtì."

Wọ́n tẹ Ṣàkírù sínú kọ̀ǹpútà. Ògiri tàn yòò.

"Ẹ bá wa kà á sétí gbogbo èèyàn, Dókítà," ni Màdáàmù Catherine wí.

Dókítà gba gbohùngbohùn. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó rí i dájú pé kámẹ́rà ń wo òun, ó wá fi ohùn ńlá bẹ̀rẹ̀: "Ṣàkírù, ọkùnrin, ẹni ogójì ọdún. Oṣù Kẹta, ibà. Oṣù Kẹrin, oyún oṣù méje..."

Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kí etí rẹ̀ tó gbọ́.

"Ẹ máa kà á lọ," ni Màdáàmù Catherine wí.

"Oṣù... oṣù Kẹfà. Ó bí... ó bí ìbejì." "Tọkùnrin tobìnrin."

Ṣàkírù di irùngbọ̀n rẹ̀ mú. "Èmi?"

"Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá Ìbejì!" ni ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn. Bí ẹ̀rín ṣe bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó wà níta ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọlọ́kadà tó wà lójú títì paná ọ̀kadà wọn kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa.

"Ẹ ní sùúrù," ni Dókítà ń wí, òógùn ti bò ó. "Nínú ìmọ̀ ìṣègùn òde òní, irú nǹkan báyìí—"

"Dókítà, ẹ fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀, èmi ni mo bímọ!" Obìnrin kan ló dìde, ó pọn ọmọ kan, ó gbé èkejì dání. Modinat ni, ìyàwó àbúrò Ṣàkírù. "Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé tí wọ́n bá ti pe Ṣàkírù kí n máa dáhùn. Ìgbà tí mò ń rọbí gan-an, 'Ṣàkírù, múra sí i! Ṣàkírù, ó ti kù díẹ̀!' lẹ̀ ń pariwo sí mi létí."

Bàbá arúgbó kan náà dìde. "Tẹ́ ẹ bá débi tí wọ́n ti gé ìpá, tèmi nìyẹn o. Ẹ má gbé e fún ẹlòmíràn."

Màdáàmù Catherine nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ẹ ka irú ẹ̀jẹ̀ tó ní."

Dókítà kò fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n ó wà lára ògiri, ó tóbi rẹpẹtẹ, gbogbo ẹni tó mọ̀wé ló ń kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Irú ẹ̀jẹ̀: O. Lábẹ́ ẹ̀: A. Lábẹ́ ẹ̀: B.

"Tí ẹ̀rọ bá fa apá ọkùnrin yìí ya lọ́la," ni Màdáàmù Catherine wí, "tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ yín, tí kò lè sọ̀rọ̀, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa fà sí i lára?"

Ẹ̀rín dá. Ṣàkírù dìde dúró. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

"Dókítà, èwo ni tèmi?"

"Ṣàkírù, fara balẹ̀, o jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹ."

"Ẹ sọ pé ẹ mọ̀ mí dáadáa. Ó wà lára ògiri, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wá síbí. Mo láya, mo bímọ. Èwo ni tèmi?"

Dókítà Shuaib wo ògiri, ó wo kámẹ́rà, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ẹ ṣì dúró ná. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó wà níbí. Mo máa rí i báyìí." Ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ́pẹ́pẹ́.

Màmá Ishaq ti ṣílẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ṣàkírù ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó gba ibẹ̀ lọ. Modinat tẹ̀ lé e, bàbá arúgbó tẹ̀ lé Modinat, àwọn yòókù sì tò tẹ̀ lé wọn. Màdáàmù Catherine fi bírò rẹ̀ fa igi lé orúkọ ọsibítù náà lórí ìwé, ó dìde, ó lọ ń bá Màmá Ishaq kọ orúkọ. Oníròyìn gbé kámẹ́rà, òun náà tẹ̀ lé èrò.

Dókítà kò tí ì gbórí sókè. Gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, torí náà gbogbo Dọ̀pẹ̀mú ló ń gbọ́ ọ níbi tó ti dá jókòó láàárín àga òfìfo, tó ń bẹ kọ̀ǹpútà: "Ṣàkírù... Ṣàkírù... èwo ni ti Ṣàkírù?"