Ọba Tó Sá Dé Ibi Tí Wáyà Mọ

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, ibi tí wáyà bá mọ ni ọba ń sá mọ?

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kò sí wáyà láyé àwọn baba ńlá wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àgbà ló ti ayé ìgbà yẹn wá. Àwọn àgbà kan wà tó jẹ́ pé àìpẹ́ yìí ni wọ́n dàgbà. Àwọn náà lẹ́nu, wọ́n sì lówe.

Ìyàwó mi ló mọ ìtàn yìí í sọ. Á ṣe ohùn ọba, á ṣe ohùn mọ́tò. Kò sí níbí mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí agbára mi ṣe mọ.

Gbádégẹṣin ni orúkọ ọkùnrin náà. Fíìmù ló ń ṣe. Ọdún mẹ́jọ ló fi ń lo kámẹ́rà kékeré kan tí bátìrì rẹ̀ kò ju ẹyọ ọṣẹ kan lọ. Bó bá gbé e sókè, àwọn èèyàn á rò pé fóònù ló ń wò. Èyí kì í dùn mọ́ ọn. Kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé lé èjìká ló wù ú, èyí tó jẹ́ pé ẹni tó bá rí i á kọ́kọ́ tún fìlà rẹ̀ dé.

Ọlọ́run gbọ́ tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ fíìmù kan ń palẹ̀ mọ́, wọ́n ń lu ẹrù wọn ní gbàǹjo. Gbádégẹṣin ta kámẹ́rà kékeré, ó da owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó ti ń kó jọ, ó ra ńlá. Ó tóbi bí orí ẹfọ̀n. Ó gbé e délé, ó gbé e ka orí tábìlì, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Mórẹ́niké, wá wo nǹkan!"

Mórẹ́niké ló ń rán aṣọ fún gbogbo òṣèré ọkọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó jáde. Ó yí kámẹ́rà náà po lẹ́ẹ̀kan, ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Bàbá Ẹniọlá, ó dára o. Ibo ni bátìrì ń wọ̀?"

Gbádégẹṣin wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ẹ̀yìn náà tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ògiri. Kò sí ihò, kò sí ilẹ̀kùn.

"Wọ́n á ti fi ọgbọ́n fi í pamọ́ síbì kan," ló wí.

Wọn ò fi nǹkan kan pamọ́. Lọ́jọ́ kejì ó gbé e tọ Wàsíù lọ, ẹni tó ń ta ẹ̀yà kámẹ́rà.

"Ẹ̀gbọ́n, àwo rẹ̀ ló kù," ni Wàsíù wí. "Àwo kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ara àwo yẹn ni bátìrì ń gbé."

"Èló ni àwo?"

Wàsíù sọ iye rẹ̀. Gbádégẹṣin wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣeré.

"Àwo nìkan?"

"Àwo nìkan."

"Kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀?"

"Bátìrì ni oúnjẹ. Ẹ kọ́kọ́ jókòó kí n tó sọ owó tiẹ̀."

Gbádégẹṣin jókòó. Wàsíù sọ ọ́. Gbádégẹṣin dìde, ó tún jókòó.

"Wàsíù, ṣé kò sí ti mẹ̀kúnnù ni?"

"Ó wà. Èyí jọ bátìrì gidi, ṣùgbọ́n tó bá gbóná á wú bí àkàrà. Ẹ̀bá etí yín ló sì máa wà."

"Gbé e kúrò níwájú mi."

"Èyí míì wà, ó ń gba iná lára ògiri."

"Abúlé Ìdí-Ìyeyè là ń lọ. Wọn ò ní iná."

"Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ dání."

"Ọba ayé àtijọ́ ni mo fẹ́ yà! Ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀ láàfin rẹ̀?"

Wàsíù họ orí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa wáyà kan jáde lábẹ́ káńtà. Orí kan rẹ̀ ń wọ ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà. Orí kejì ní eyín irin méjì tó ń bu bátìrì mọ́tò jẹ. Owó rẹ̀ kò ju ti adìẹ méjì lọ.

"Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n," ni Wàsíù wí, "ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló gùn."

Ẹni tó ti ń rẹ́rìn-ín kì í gbọ́ràn. Gbádégẹṣin ti ká wáyà sápò.

Nígbà tó délé, Mórẹ́niké na wáyà náà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ àga, ó parí kó tó kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ ní láti ààfin ni ọba máa ti sá dé odò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wáyà yìí ò tíì sá dé yàrá."

"Mórẹ́niké, aṣọ ni mo ní kí o rán."

Ó lọ rán aṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí Gbádégẹṣin fi ń kánjú. Baálẹ̀ Ìdí-Ìyeyè ní ilé alámọ̀ àtijọ́ kan, òpó rẹ̀ jẹ́ igi gbígbẹ́, ojú àwọn èèyàn lára òpó náà ń wo gbogbo ẹni tó bá ń wọlé. Kò sí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo agbègbè yẹn. Ilé náà sì ti sú baálẹ̀. Bíríkì ló fẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn òṣìṣẹ́ máa wó o, Ọjọ́bọ̀ ló fún Gbádégẹṣin láti fi ilé náà ṣe ààfin. Fíìmù ti parí tán, ó ku ibi tí ọba ti máa sá jáde láàfin, tí yóò sáré gba ọ̀nà odò, tí yóò wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ọba kò bá sá lọ́jọ́bọ̀ yẹn, kò tún níbi tó máa sá jáde mọ́. Iṣẹ́ ọdún kan á ṣòfò.

Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé ló ń ṣe ọba. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ó ti ṣe ọba nínú fíìmù títí tí kò fi jẹ́ orúkọ míì mọ́ ju Kábíyèsí lọ. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ pàápàá, "Kábíyèsí, ẹ na apá" ló ń wí.

Bí wọ́n ṣe dé Ìdí-Ìyeyè, ó ti kìlọ̀.

"Gbádégẹṣin, ọba kì í sáré. Màá rìn kánkán."

"Kábíyèsí, àwọn ọ̀tá ń lé yín bọ̀."

"Kí àwọn náà rìn kánkán."

Mọ́tò Sàlísù, awakọ̀ wọn, ni wọ́n gbé wá. Ó ti gbó, ó tó ìgbà mẹ́ta tí wọ́n máa tẹ búrékì rẹ̀ kó tó gbà, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ tuntun ni. Wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà ààfin, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, eyín irin bu bátìrì jẹ, kámẹ́rà lajú. Gbádégẹṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

"Ó yá!"

Ọba jáde. Ó wo òpó, ó wo ọ̀run, ó ní, "Ayé ò!" Ó rìn kánkán. Gbádégẹṣin gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé e: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Wáyà já lórí bátìrì. Kámẹ́rà ṣẹ́jú, ó kú.

"Kábíyèsí, ẹ padà!"

"Ṣé àwọn ọ̀tá ti dárí jì mí ni?"

Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọba sá fún ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Baálẹ̀ tó jókòó sábẹ́ igi ìyeyè ń wòran yọ́ béèrè lọ́wọ́ Mórẹ́niké pé, "Ṣé ibi tó ń sá lọ kò jìnnà ni?"

Oòrùn ti ń lọ. Gbádégẹṣin ronú.

"Sàlísù, jẹ́ kí mọ́tò máa bá wa lọ."

Sàlísù ṣáná sí mọ́tò. Ó dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ọba dúró láàárín ọ̀nà.

"Ṣé lọ́rì ni àwọn ọ̀tá mi gbé wá ni?"

Wọ́n pa mọ́tò. Wọ́n ní kí wọ́n ti mọ́tò. Ta ló máa tì í? Jagunjagun mẹ́fà tó yẹ kí wọ́n lé ọba ló wà nílẹ̀. Wọ́n ki àdá bọ ìgbàdí, wọ́n lọ sẹ́yìn mọ́tò.

"Ta ló wá ń lé mi báyìí?" ni ọba béèrè.

"Ẹ máa rò ó lọ́kàn, Kábíyèsí."

Òjìji mọ́tò ń wọ inú àwòrán. Wọ́n gé imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n fi bo mọ́tò láti òkè délẹ̀. Ó wá di igbó kékeré kan tó ní táyà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀ kò jẹ́ kí Sàlísù rí iwájú, ló bá yọrí gba ojú fèrèsé láàárín imọ̀ ọ̀pẹ. Gbádégẹṣin jókòó sórí irin iwájú mọ́tò, kámẹ́rà wà léjìká rẹ̀, wáyà wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará," ni Mórẹ́niké wí, "ọ̀nà yìí dagẹ̀rẹ̀ o."

Gbádégẹṣin sún kámẹ́rà mọ́ èjìká.

"Ó yá!"

Àwọn jagunjagun tì. Mọ́tò yí. Ọba jáde láàfin, ó ní, "Ayé ò!" Ó rìn kánkán, kámẹ́rà tẹ̀ lé e. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin kọjá. Ogún kọjá. Kámẹ́rà kò kú! Gbádégẹṣin ń gbàdúrà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ìgbà náà ni wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti dagẹ̀rẹ̀. Mọ́tò bọ́ lọ́wọ́ àwọn jagunjagun. Wọ́n sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń kígbe, àdá ń fì nídìí wọn.

"Sàlísù, tẹ búrékì!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọ̀gá!"

Ọba gbọ́ ariwo, ó wẹ̀yìn. Ó rí igbó tó ń bọ̀. Igbó náà ní orí èèyàn kan ní ẹ̀gbẹ́, orí náà ń ké pe Ọlọ́run. Jagunjagun mẹ́fà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kábíyèsí gbàgbé pé ọba kì í sáré. Ó ká agbádá mọ́ra, ó fò. Adé lọ sọ́tùn-ún, bàtà lọ sósì.

"Ẹ má jìnnà sí mi, Kábíyèsí!" ni Gbádégẹṣin ń ké. "Ìṣísẹ̀ mẹ́rin! Ìṣísẹ̀ mẹ́rin!"

"Gbádégẹṣin, o ò ní kú ire!"

Àwọn obìnrin tó ń fọ ẹ̀gẹ́ létí odò gbójú sókè. Wọ́n rí ọba, wọ́n rí igbó. Wọ́n fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún odò. Baálẹ̀ rí wọn tí wọ́n ń sá, òun náà bá dìde lábẹ́ igi.

"Bí ọba bá ń sá," ló wí, "kí ni baálẹ̀ ń dúró dè?"

Ó gba àbùjá, ó bọ́ síwájú ọba, ó kọjá rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ wọ odò.

Mọ́tò kọ lu ebè, ó yà, ó rì sínú ẹrẹ̀ etí odò, ó dúró. Gbádégẹṣin já bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kámẹ́rà kò kan ilẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an ni ọba fò láti bèbè, wáyà já, kámẹ́rà kú.

Nígbà tí ẹ̀rù kúrò lára wọn, ọba dúró nínú omi dé àyà, baálẹ̀ dúró tì í. Ọkọ̀ ojú omi wà lódìkejì, kò sí ẹni tó kàn án.

"Kábíyèsí," ni Gbádégẹṣin fi ohùn jẹ́jẹ́ wí, "ó ku díẹ̀ kí ẹ wọ ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

"Wáyà rẹ dà?"

"Ó já."

"Níbo ló já sí?"

"Níbi tí ẹ ti fò."

Ọba fún omi kúrò lára agbádá rẹ̀.

"Ibi tí wáyà mọ ni ọba sá mọ. Ó tán."

"Òótọ́ ni, Kábíyèsí," ni baálẹ̀ wí. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n wó ilé alámọ̀. Gbádégẹṣin kò lè tún nǹkan kan yà. Ibi tó yà á dé náà ló fi parí fíìmù: ọba wà lófuurufú, kò ládé, kò ní bàtà, ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, ojú àwòrán ṣú. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, òun ni fíìmù rẹ̀ tó ta jù. Wọ́n ní àwọn ò rí ẹni tó mọ ẹ̀rù í ṣe bí Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé rí. Wọ́n ní ta ni bàbá arúgbó yẹn tó sáré kọjá ọba. Àwọn kan ní ọba náà kò kú, ó di ẹyẹ.

Owó tí Gbádégẹṣin fi tún mọ́tò Sàlísù ṣe, tó tún fi san ẹ̀gẹ́ àwọn obìnrin, Wàsíù ní ì bá ra àwo, ì bá ra bátìrì, ṣẹ́ńjì á sì kù. Mórẹ́niké gba wáyà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó so wáyà náà mọ́ igi méjì lẹ́yìnkùlé, ó fi sá agbádá ọba. Agbádá gùn ju wáyà lọ.

Nígbà tí ìyàwó mi wà, bí iyán bá kéré tí àlejò sì pọ̀, á gbé e kalẹ̀, á wo ojú gbogbo wa, á pa òwe náà. A ò ní mọ ìgbà tá a máa bú sẹ́rìn-ín. Ìyókù iyán, a ò ní béèrè.

Torí náà, bí àgbà bá rí ẹni tó ra orí ẹfọ̀n tí kò ra ọrùn rẹ̀, tó sì fẹ́ fi wáyà ìṣísẹ̀ mẹ́rin lé ọba dé odò, kò ní bá a jà. Á kàn mi orí, á ní: ẹ fi í sílẹ̀, ibi tí wáyà bá mọ ni ọba ń sá mọ.