Bí Mo Ṣe Di Grandma Atlanta

Títí di òní, bí mo bá rí bọ́ọ̀sì tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lẹ́bàá títì, màá kọ́kọ́ sún sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín á wá gbà mí lẹ́nu. Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì kúrò lọ́kàn mi, n ò sì rò pé ó máa kúrò. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n n kì í gbàgbé nǹkan, pàápàá nǹkan tó bá dójú tì mí.

Redan ni mò ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta ní Amẹ́ríkà níbí, nílé ọmọ mi obìnrin, Fúnmi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti ọkọ rẹ̀, Wálé. Ìgbà tí wọ́n bí Dámi, àkọ́bí wọn, ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti Ìbàdàn pé kí n wá bá wọn wẹ ọmọ fún oṣù díẹ̀. Ọmọ náà ti ga jù mí lọ báyìí, mi ò tíì padà sílé. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mò ń dúró níwájú ilé dè é nígbà tí bọ́ọ̀sì iléèwé bá já a sílẹ̀. "Grandma" ló ń pè mí. Grandma lásán, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Wálé, tó ń gbé ní Houston lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ kejì, òun ni Dámi ń pè ní "Grandma Houston". Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Èmi tí mo wà nílé, kò sẹ́ni tó nílò láti fi orúkọ ìlú dá mi mọ̀. Ìyàtọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an, mi ò ní purọ́ fún yín.

Nígbà tí Dámi fẹ́ parí iléèwé girama, yunifásítì méjì ló gbà á. Ọ̀kan wà ní Athens, ní ìpínlẹ̀ Georgia wa níbí, tí mọ́tò máa gbé wa dé ká tó sùn wọra. Èkejì wà ní Houston. Ọmọ ò mọ èyí tó máa mú. Ìyá rẹ̀ ní ibi tó bá wù ú ni kó lọ. Bàbá rẹ̀ ní òun ò dá sí i. Èmi náà ní mi ò dá sí i, àmọ́ kò sí àárọ̀ kan tí mi ò ní rí nǹkan sọ.

"Wọ́n ní ooru Houston máa ń se èèyàn bí ẹ̀wà."

"Grandma, ooru wà níbí náà now."

"Wọ́n ní tí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, omi máa ń wọ ilé onílé."

"Grandma!"

"Mi ò sọ nǹkan kan o. Jẹun ẹ."

Bẹ́ẹ̀ la wà tí àna mi, Ìyá Wálé, fi pè lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ó ní kí Dámi wo yàrá tí òun ti ṣe sílẹ̀ dè é. Mò ń dín dòdò lẹ́yìn wọn, ojú mi sì ń bẹ lára fóònù náà. Mo rí bẹ́ẹ̀dì tuntun. Mo rí kọ́tìnì aláwọ̀ osùn. Mo rí balùwẹ̀ tó jẹ́ ti ọmọ nìkan. "Ojoojúmọ́ ni màá máa se oúnjẹ gbígbóná dè ẹ́, ọkọ mi," ni ìyá náà ń wí. Ọkọ ta? Nígbà tí n ó fi yíjú, dòdò ti dúdú. Èmi nìkan ni mo jókòó jẹ gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi mí pé kí ló dé.

Kò pẹ́ sí i ni yunifásítì Athens ní kí àwọn ọmọ tí wọ́n gbà wọlé wá fojú rí iléèwé àti ìlú. Mo ní màá bá wọn lọ. Mo rẹ ẹ̀wà, mo lọ̀ ọ́, mo se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, mo dín ẹja, mo kó o sínú kúlà. Èrò mi ni pé bí ọmọ bá jẹ mọ́ínmọ́ín mi lórí ilẹ̀ Athens, á mọ̀ pé ibi tí ọbẹ̀ mi lè dé ló yẹ kóun gbé. Àfi bí àna mi ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti inú bàálù, tó ní òun wá bá wa ṣọdún Àjíǹde. Nígbà tó gbọ́ pé à ń lọ sí Athens, ó ní, "Ẹ ṣeun o, èmi náà á tẹ̀ lé yín." Kí lẹni tó ní Houston fẹ́ wò ní Athens, bí kì í bá ṣe àléébù?

Láti ìdí mọ́tò ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí àwa àgbà ṣe máa ń ṣe pẹ̀lú àna wa.

"Àna mi, ẹ jókòó síwájú."

"Háà, ó tì o! Ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò."

"Àlejò lẹ jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n dẹ́ṣẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ fún wa níyàwó. Èmi lẹ fẹ́ kó dẹ́ṣẹ̀?"

Fúnmi, tó máa wa mọ́tò, wo aago. Dámi ní, "Oh my God, a máa late o." Níkẹyìn, kúlà ni wọ́n gbé síjókòó iwájú, wọ́n fi bẹ́líìtì dè é, àwa ìyá méjì wá fún ara wa sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ láàárín. A ò tíì kọjá Covington tí àna mi fi yọ chin-chin nínú báàgì rẹ̀, tó rọra ń fi í sọ́wọ́ ọmọ. "So good, Grandma Houston," lọmọ ń wí. Mo kọjú sí fèrèsé, mò ń ka igi.

Ẹni tó bá dé Athens rí mọ̀ pé orí òkè ni wọ́n kọ́ ìlú náà sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń mú wa káàkiri, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló sì ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò ṣubú. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi ni mo wọ̀, torí mo ti rí i láàárọ̀ pé bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ni àna mi wọ̀. Dámi, ọmọ tí mo kọ́ tó gbẹ̀kọ́, ti gba báàgì wa méjèèjì lọ́wọ́ wa, fóònù wa sì wà nínú wọn. Nígbà tá a gun òkè kejì, eékún mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀.

"Àna mi, ṣé kò tíì rẹ̀ yín?" mo bi í.

"Rárá o. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀? Mo lè fẹsẹ̀ rìn padà sí Redan."

Irọ́ ni. Òun náà ń purọ́, mo rí òógùn lábẹ́ gèlè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa kọ́kọ́ sọ fún àna rẹ̀ pé ara òun ò gbé e mọ́?

Ibẹ̀ ni mo ti rí bọ́ọ̀sì yunifásítì kan, ó dúró, ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, àga rẹ̀ ṣófo. Mo ní, "Àna mi, nítorí tiyín, ẹ jẹ́ ká fìdí lé ibí díẹ̀." Ó ní, "Tó bá jẹ́ nítorí tiyín ni, kò burú." A wọlé, a jókòó. Fúnmi àti Dámi ti bá àwọn yòókù lọ síwájú, wọn ò wẹ̀yìn. Áà, àga yẹn tura! Nígbà tí ara wa balẹ̀, a dìde pé ká bọ́ sílẹ̀. A dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ ṣíwájú, àna mi."

"Kí n wá kọ ẹ̀yìn sí yín? Ó tì o."

"Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ilẹ̀kùn."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dìde."

Mo kúnlẹ̀ díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ jù mí lọ. Dírẹ́bà bi wá bóyá à ń bọ́ sílẹ̀. Àwa méjèèjì yíjú sí i, a rẹ́rìn-ín, a ní, "Yes, thank you," a sì ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Ó dúró, ó tún bi wá, a tún dúpẹ́. Ẹ̀bi tirẹ̀ kọ́ rárá. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bọ́ sílẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó sì gbéra.

Àna mi lanu. Mo dì í mú kó má ṣubú. "Ẹ jókòó," mo ní. "Bọ́ọ̀sì tó ń yí ìlú ká máa padà síbi tó ti gbéra. Ẹ má jẹ́ ká bọ́ síbi tá ò mọ̀."

Gbogbo ibi tó ń dúró ló jọra, ilé bíríkì pupa, igi, ọmọdé. Ọ̀rá mọ́ínmọ́ín tí mo dì mọ́wọ́ láti inú mọ́tò nìkan ló kù wá kù. A tú u, a ń jẹ ẹ́. Àna mi jẹ díẹ̀, ó ní, "Ó dùn o. Ṣé irú èyí ni Dámi fẹ́ràn?"

Ẹ wò ó, owú ló bá mi dáhùn. Mo ní irú rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ní edé nínú. Mo ní dòdò tí wọn ò bá fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n títí èèpo rẹ̀ fi dúdú dín, Dámi ò ní fẹnu kàn án. Mo ní wọn kì í pariwo jí i, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń rọra họ. Mo ní bó bá ń bínú, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ rárá, ẹ gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ máa lọ.

"Ẹn-ẹ́n?" ni àna mi ń wí. "Ẹn-ẹ́n? Ẹsẹ̀ ọ̀tún àbí tòsì?"

"Tòsì!" mo dá a lóhùn, orí mi wú. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo ni ọmọ.

Ó nu ẹnu. Ó ní, "Ẹ gbádùn rẹ̀, àna mi. Ojú fóònù ni èmi ti ń wò ó tó fi dàgbà." Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Àmọ́ kí Ọlọ́run má bínú, inú mi dùn ju bí àánú náà ṣe pọ̀ tó.

Bọ́ọ̀sì wa ò padà síbi tó ti gbéra. Pápá mọ́tò kan lẹ́yìn ìlú ló parí sí. Dírẹ́bà rí àwa ìyá méjì àti ọ̀rá mọ́ínmọ́ín, ó bá fi ẹ̀rọ rẹ̀ pe ẹnì kan. Wọ́n fi mọ́tò kékeré kan tí ò ní ògiri wá gbé wa, irú èyí tí àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù máa ń gùn lórí koríko. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, atẹ́gùn já gèlè mi, ó di ojú títì. Orí mi funfun báláú, dídì tí mo di irun kò sì ju ti inú ilé lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe já sí àárín gbogbo òbí tó péjọ. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àna mi juwọ́ sí wọn bí ayaba. Fúnmi ń sunkún. Dámi fi báàgì wa méjèèjì bo ojú.

Mo rò pé mo ti borí, torí ọmọ ní Athens wu òun. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ wo ti Houston, ó sùn sílé àna mi fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó dé, mò ń bẹ iṣu.

"Grandma, ẹ ò ní gbà gbọ́. Grandma Houston just gets me. Dòdò yẹn, perfect! Ẹsẹ̀ mi ló fi jí mi, just like you. I was in a mood, ó kàn gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, ó lọ. How did she know?"

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi. "Ọlọ́run ló fi hàn án," mo ní.

Houston ló mú. Nígbà tó kọ́kọ́ pè láti ibẹ̀, mo gbọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń bi í pé ta ni. "It's my Grandma Atlanta," ó dáhùn. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ jókòó síta.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò le. Bẹ́ ẹ bá ń jowú, ẹ fi mọ́ínmọ́ín dí ẹnu. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ fi ọ̀wọ̀ àna sílé, ẹ bọ́ sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àna mi pè. Mo jẹ́ kó dún dáadáa kí n tó gbé e. "Àna mi, ọmọ yìí fajú ro láti àárọ̀. Mo gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ ẹ́. Mo họ ẹsẹ̀, ó fà á sẹ́yìn. Kí ló kù tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Mo ní, "Ẹ gbé fóònù fún un."

Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, mo gbọ́ tó fa imú.

"Grandma," ó ní.

Grandma lásán. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo bá fa àga, mo jókòó, mo ní, "Ó yá, kí ló dé?"