Ẹjọ́ Chipili, Ajá Tójú Ẹ̀ Wú

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Mwanta Chisengi, ọba ìlú, láàárọ̀ àná, ajá ló kó o wá. Kazhimoto tó máa ń so ilé oyin mọ́gi nínú igbó ló pẹjọ́. Ó ti kúnlẹ̀, ó ti pàtẹ́wọ́ ìkíni tán, àmọ́ ojú ẹ̀ ò kúrò lára Chipili, ajá pupa tó jókòó sẹ́sẹ̀ Ìyá Nyamutaba, opó tó ń pọn ọtí oyin. Ọdún márùn-ún ni Kazhimoto àtajá yìí ti jọ ń wọgbó.

"Mwani, Mwanta! Mo kí ọba o! Ìyá yìí jí ajá mi gbé!"

"Ta ló jí ajá?" Ìyá Nyamutaba fò dìde. "Ajá Kazhimoto, ẹnu ẹ̀ rí ṣóńṣó. Èyí tó wá bá mi, ojú ẹ̀ rí bí ìkòkò tí wọ́n fi ń ro ọkà ṣíma. Tiẹ̀ ló sọnù. Tèmi nìyí, ojú ẹ̀ kàn rù ni!"

Àwọn ìjòyè fọwọ́ bo ẹnu.

"Oyin ló ta á, Mwanta!" Kazhimoto ké. "Ilé oyin kan já bọ́ látorí igi, ó lọ ki imú bọ̀ ọ́. Wọ́n ta á lẹ́nu, wọ́n ta á lójú, wọ́n ta á létí."

"Nígbà tó padà délé, kí lo ṣe fún un?" Mwanta bi í.

Kazhimoto wolẹ̀. "Mo... mo ju igi ìdáná lù ú."

"Ajá ẹ?"

"Mo rò pé ọmọ erinmi ni, Mwanta."

Wọ́n pe Sakapenda, aládùúgbò ẹ̀, kó wá jẹ́rìí.

"Mo fojú mi rí i! Erinmi ni, ó tóbi ju màlúù lọ!"

"Níbo lo wà?"

"Abẹ́ ibùsùn mi, Mwanta. Mo ti fi ẹní dí iwájú."

"Kí lo wá fi rí i?"

"Ẹ̀rù tó bà mí ni mo fi rí i."

Ó kan Nyankosi, ìyàwó Kazhimoto.

"Èmi dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi pé, 'Bàbá Mulumbi, Chipili mà nìyí!' Ó ní Chipili ò lẹ́rẹ̀kẹ́."

"Ta ló wá tilẹ̀kùn mọ́ ọn?"

"Èmi ni, Mwanta."

"Tóo sì dá a mọ̀?"

"Inú ilé ni mo ti dá a mọ̀."

Mwanta mí kanlẹ̀. "Ìyá, báwo lẹ ṣe wò ó?"

"Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni mo fi ha abẹ́rẹ́ oyin kúrò lára ẹ̀. Mi ò fi èékánná fún un jáde, torí oró tó kù nínú ẹ̀ á tún wọ ara ni. Mo rẹ aṣọ sómi odò, mo fi bò ó lójú, mo jókòó tì í, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ká ní èémí ẹ̀ há pẹ́nrẹ́n ni, ǹ bá gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Ọjọ́ kẹta lojú ẹ̀ wálẹ̀. Ọjọ́ kẹta náà ni Kazhimoto rántí pé òun lájá!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ta Kazhimoto ju oyin lọ. "Mwanta, ẹ gba àáké mi, ẹ gba gbogbo ilé oyin mi. Ẹ sáà dá Chipili padà fún mi. Mi ò lè dá wọgbó."

Mwanta fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Oyin wà lórí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé mi. Lọ bù ú wá. Má lo èéfín, má faṣọ bojú. Tójú ẹ bá ti wú dáadáa, ká wá wò ó bóyá ajá yìí náà á ju igi lù ọ́."

Kazhimoto lọ. Igbe ẹ̀ dé odò. Nígbà tó máa padà, ojú ẹ̀ méjèèjì ti wọlé lọ, ètè ẹ̀ ló kọ́kọ́ dé kóun tó dé. Sakapenda kó sábẹ́ àga. Nyankosi fa ìgbálẹ̀ yọ: "Ta lèyí?" Chipili nìkan ló rìn lọ bá a. Ó gbóòórùn ẹsẹ̀ ẹ̀, ó jurù, ó fò mọ́ ọn, ó ń lá a lójú.

"Ó mọ̀ mí! Ajá mi mọ̀ mí!" Kazhimoto ń sunkún, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ibi tómijé ń gbà jáde.

"Mo rí i," Mwanta dáhùn. "Ìwọ lo ni ajá. Ṣùgbọ́n látòní lọ, ẹni tó bá ha abẹ́rẹ́ oyin lára ẹnikẹ́ni, òun ló ni onítọ̀hún títí ojú ẹ̀ á fi wálẹ̀. Ìyá, ọ̀bẹ yín dà?"

"Òun rèé, Mwanta."

"Ẹ máa mú ọkùnrin yìí lọ sílé. Kó máa pọnmi fún yín, kó máa la igi, kóun àti Chipili jọ máa sùn lórí ẹní kan náà. Ọjọ́ tíyàwó ẹ̀ bá dá a mọ̀, kí tajá tolówó ẹ̀ máa lọ sílé."

Gbogbo ojú yí sí Nyankosi. Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó yí ọkọ ẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, ó gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè.

"Mwani, Mwanta," ló wí, "ẹ fún mi lóṣù méjì kí n fi wò ó dáadáa."